Bí A Ṣe Ń Ro Ẹjọ́ Ara Wa Níwájú Dókítà

Kí aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó lù, àwọn tó gba ọ̀nà Nyanya wá sí ilé ìwòsàn wa ní Àbújá ti wà lórí ìjókòó níwájú ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ bá ká àwọn mọ́ oríta AYA, ọ̀sán ni àwọn yóò tó dé. Àwọn ará Kubwa àti Lugbe a sì máa tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí mo bá fi máa jókòó ní aago mẹ́jọ, fáìlì tó wà lórí tábìlì á ti tó ogójì, dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò sì ní ju méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ẹni tó ti jí ní aago mẹ́rin, tó sì ti jókòó fún wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni yóò lò lọ́dọ̀ mi. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: bí a ṣe ń múra dè é láti ilé, ohun tó yẹ kí a sọ nínú rẹ̀, àti ohun tí a kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó parí láì bèèrè.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí mo fi gbà pé ọ̀rọ̀ ẹnu yín ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí ẹ ń gbé wá bá wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà lóde òní pé ẹ̀rọ ni ó ń rí àìsàn, àti pé ohun tí ẹ̀rọ bá sọ ni dókítà kàn ń kà. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnìkan kì í wọlé wá sọ fún mi pé, "Dókítà, ẹ kàn kọ àyẹ̀wò gbogbo ara fún mi," kí ó tó jókòó dáadáa. Ní ọdún 1975, oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Hampton àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nottingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn 80 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ní kí dókítà kọ ohun tó rò pé ó ń ṣe aláìsàn sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti ka lẹ́tà tí wọ́n fi rán an wá, tó sì ti gbọ́ tẹnu rẹ̀. Kí ó tún kọ ọ́ lẹ́yìn tó bá ti yẹ ara rẹ̀ wò. Kí ó sì tún kọ ọ́ nígbà tí èsì àyẹ̀wò bá dé. Nínú aláìsàn 66, ohun tí dókítà kọ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹnu náà ló wá jẹ́ òótọ́ níkẹyìn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ kò ṣe bẹbẹ ju nínú 7 péré lọ. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ ti pọ̀ sí i láti ìgbà náà, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé wọn kò wúlò, ṣùgbọ́n skáànù tí wọ́n bá gbé sí ikùn kò lè rí ohun tó wà nínú àyà, ọ̀rọ̀ yín ló sì ń sọ ibi tí a ó gbé e sí. Ẹni tí kò bá ro ẹjọ́ ara rẹ̀ kúlẹ̀kúlẹ̀, oògùn ẹjọ́ ẹlòmíràn ni yóò gbé lọ sílé.

Láti ilé ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ mú bébà kan àti bírò. Ẹ kọ ohun tó ń yọ yín lẹ́nu jù lọ sí òkè, kí ẹ sì kọ àwọn yòókù sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó ń mú kí ó le sí i, ohun tó ń mú kí ó rọlẹ̀, àti gbogbo ohun tí ẹ ti lò sí i. Bí ẹ kò bá mọ ìwé kọ, ẹ jẹ́ kí ọmọ ilé bá yín kọ ọ́ ní èdè tí ẹ fi sọ ọ́ gan-an. Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. "Ó ti pẹ́ díẹ̀" kò tó ìdáhùn, nítorí pé ikọ́ ọjọ́ mẹ́ta yàtọ̀ sí ikọ́ tó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì: èyí tó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, dandan ni kí a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Bí ẹ kò bá rántí ọjọ́, ẹ fi ohun tó ṣẹlẹ̀ mú un. Ìyá kan sọ fún mi pé ẹsẹ̀ òun bẹ̀rẹ̀ sí í wú "nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí á ṣọdún Iléyá, nítorí bàtà tí mo rà fún ọdún kò wọ̀ mí mọ́." Mo lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, mo sì mọ bí wíwú náà ṣe tó.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kó gbogbo oògùn yín sínú ọ̀rá kan. Mo ní gbogbo rẹ̀: èyí tí àwa kọ, èyí tí ẹ rà ní kẹ́míìsì, èyí tí àbúrò yín fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, èyí tí ẹ yá lọ́wọ́ aládùúgbò, àti ìgò àgbo. Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé oògùn funfun kékeré kan ni, nítorí pé ìdajì oògùn tó wà nílẹ̀ yìí ló funfun tó sì kéré. Ní ti àgbo, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló ń fi í pamọ́ nítorí wọ́n rò pé dókítà yóò bá wọn jà. Ó bani nínú jẹ́ pé àwa dókítà la kọ́ wọn ní ìfipamọ́ yẹn pẹ̀lú èébú wa. Mi ò ní bá yín jà. Ohun tí mò ń wá ni bóyá ó wà lára ohun tó ń da kíndìnrín láàmú, tàbí bóyá ó ń bá oògùn tí mo fẹ́ kọ jà. Oògùn ara ríro tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì ni mo sì máa ń wá jù nínú ọ̀rá náà, irú bíi diclofenac àti ibuprofen, nítorí pé ẹni tó bá ń lò wọ́n lójoojúmọ́ lè mú kí BP rẹ̀ ga, kí ó dá ọgbẹ́ sí inú ara rẹ̀, kí ó sì pa kíndìnrín lára, nígbà tí òun ń rò pé oògùn ẹ̀yìn dídùn lásán ni òun ń lò.

Ẹ kó èsì àyẹ̀wò àtijọ́ dání pẹ̀lú. Bí ẹ bá sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ lò ó ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀, àyàfi bí wọ́n bá sọ fún yín pé kí ẹ má lò ó. Àwọn kan a máa gbọ́ pé kí àwọn má jẹun kí wọ́n tó wá ṣe àyẹ̀wò ṣúgà, wọn a sì so oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ oúnjẹ, wọn a fi méjèèjì sílẹ̀. Àìjẹun fún wákàtí mẹ́jọ ni àyẹ̀wò náà ń béèrè, omi kò sì sí nínú ohun tí a ní kí ẹ má mu. Oògùn ṣúgà nìkan ni ẹ ní láti bèèrè nípa rẹ̀ ṣáájú, nítorí pé ẹni tó bá lò ó láìjẹun lè dákú lójú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́

Bí ẹ bá ti wọlé, tí ẹ sì ti kí wa, ẹ má fi orúkọ àìsàn bẹ̀rẹ̀. "Dókítà, ibà àti táífọ́ìdì ló ń ṣe mí" ni gbólóhùn tí mo ń gbọ́ jù lọ ní Àbújá, kò sì sọ nǹkan kan fún mi ju pé ẹnìkan ti bá yín yẹ ẹ̀jẹ̀ wò níbì kan. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní Widal, tí wọ́n fi ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé wọ́n ní táífọ́ìdì, kò ṣeé gbára lé bí ó bá dá dúró, nítorí pé ẹni tí kò ní táífọ́ìdì rárá lè ní nọ́ńbà tó ga nínú rẹ̀ nítorí àìsàn mìíràn tàbí èyí tó ti ṣe é tẹ́lẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ti "tọ́jú táífọ́ìdì" lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ọdún kan, ṣúgà ló wà lára rẹ̀ tó ń rẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ara yín ń ṣe ni kí ẹ sọ: ó ń gbóná ní ìrọ̀lẹ́, òtútù ń mú mi, mo ń tọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lóru, oúnjẹ kò wù mí jẹ. Ẹ fi orúkọ àìsàn sílẹ̀ fún wa. Bí ibà bá ni, àyẹ̀wò kan wà tí a ń fi ẹ̀jẹ̀ ìka tó kán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ṣe, èsì rẹ̀ kò sì ju bí ogún ìṣẹ́jú lọ kí ó tó yọ.

Ẹ ka gbogbo ẹjọ́ tí ẹ bá wá tán kí ẹ tó ṣàlàyé èyíkéyìí. "Ohun mẹ́ta ló gbé mi wá, dókítà: àyà, ojú, àti ọ̀rọ̀ kan tí n ó sọ tí nọ́ọ̀sì bá jáde." Gbólóhùn kan yẹn ti tó kí n mọ bí n ó ṣe pín àkókò wa. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé aláìsàn á fi ìṣẹ́jú mẹ́jọ sọ̀rọ̀ lórí orúnkún, á dìde, á di ilẹ̀kùn mú, á wá yíjú padà sọ pé, "Ẹ̀jẹ̀ kékeré kan tún ń yọ bí mo bá yàgbẹ́ o." Nítorí ẹ̀jẹ̀ yẹn ló ṣe wá, ìtìjú ni kò jẹ́ kí ó sọ ọ́. Ara nǹkan tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014 sọ ọ̀rọ̀ yín di àṣírí lọ́wọ́ wa. Ẹ lè ní kí ẹni tó tẹ̀ lé yín wá jáde. Ẹ lè ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi jáde.

Bí dókítà bá já lu ọ̀rọ̀ yín ńkọ́? Yóò já lù ú. Beckman àti Frankel tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1984 lórí ìbẹ̀wò 74, wọ́n sì rí i pé ìṣẹ́jú-àáyá 18 ni dókítà ń fi gbọ́ ọ̀rọ̀ aláìsàn kí ó tó gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, àti pé aláìsàn 17 péré ló ráyè parí ohun tó ní lọ́kàn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí, mo bínú, mo ní kì í ṣe irú tèmi. Mo wá fi aago ọwọ́ wo ara mi ní ọjọ́ kan láìsọ fún ẹnikẹ́ni, mi ò sì ní sọ iye tí mo rí fún ẹ̀yin náà. Ẹ má bínú, ẹ má sì jẹ́ kó dá yín dúró. Ẹ dáhùn ohun tó bèèrè, kí ẹ wá wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ dókítà, ó ku ohun kan tí mi ò tíì sọ." Dókítà tí yóò lé ènìyàn jáde lẹ́yìn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀.

Èdè ara wa

Yorùbá lówó lọ́wọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ ìrora, ó sì dùn mí pé a kì í ná an ní ilé ìwòsàn. Bí a bá ti wọlé, gbogbo rẹ̀ á di "ó ń dùn mí". Ẹ wo iye ọ̀rọ̀ tí a ní: ó ń ta mí, ó ń gún mi, ó ń ro mí, ó ń jó mi, ó ń fún mi mọ́ra, ó wúwo. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń tọ́ka sí ibi tirẹ̀. Àyà tó ń jóni bí ata lẹ́yìn oúnjẹ, tó tún ń le sí i bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀, omi inú tó ń gòkè wá sí ọ̀nà ọ̀fun ni mo kọ́kọ́ ń rò. Àyà tó ń fúnni mọ́ra bí ẹni tí wọ́n fi okùn dì, tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá ń gun àtẹ̀gùn, tó sì ń rọlẹ̀ bí ó bá dúró sinmi, ọkàn ni mo ń wò. Àyà tó ń gúnni nígbà tí a bá fa èémí sínú, ó lè jẹ́ ti ẹ̀dọ̀fóró. Bí ẹnìkan bá ní kí ọmọ òun túmọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún dókítà tí kò gbọ́ Yorùbá, "chest pain" kan ṣoṣo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò dà.

"Inú" náà fẹ̀ jù. Láti abẹ́ egungun ìhà títí dé ibi tí a ń de bẹ́líìtì sí, àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ pàápàá, inú ni a ń pe gbogbo rẹ̀. Ẹ fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tọ́ka sí ibi tó ń ṣí lọ. Inú tó bẹ̀rẹ̀ láti ìdodo, tó wá ṣí lọ sí ìsàlẹ̀ ní apá ọ̀tún láàárín ọjọ́ kan, a kì í fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáfara. "Ó ń rẹ̀ mí" tún wà nínú àwọn tó máa ń rú mi lójú, nítorí pé ẹlòmíràn ń sọ pé oorun kò tó òun, ẹlòmíràn ń sọ pé òun kò lè rìn dé ẹnu géètì láì dúró mí. Ẹ fi ìrìn wọ̀n ọ́n fún mi: ibo ni ẹ ń rìn dé ní ọdún tó kọjá, ibo ni ẹ ń dúró báyìí? "Àyà mi ń já" lè jẹ́ ìbẹ̀rù, ó sì lè jẹ́ pé ọkàn ń lù kìkì láìsí ohun tó dẹ́rù bani, nítorí náà ẹ sọ bóyá ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọkàn yín balẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan o. Ní apá òkè ọya níbí, bí aláìsàn tó ń sọ Haúsá bá pe ọ̀rọ̀ náà "zafi", ooru ni ó lè máa sọ, ìrora ni ó sì lè máa sọ. "Ciki" sì ni ikùn, òun náà ni oyún. Mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí pẹ́ tó láti mọ̀ pé n kò gbọ́dọ̀ dárúkọ oògùn kankan lórí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí láì tún bèèrè. Òfin ọdún 2014 tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan sọ pé bí ó bá ti ṣeé ṣe, èdè tí aláìsàn gbọ́ ni kí a fi ṣàlàyé fún un, ní ọ̀nà tó bá ìwọ̀n ẹ̀kọ́ rẹ̀ mu. Ẹ lè béèrè fún ẹni tó gbọ́ Yorùbá. Ní Àbújá, kò sí ilé ìwòsàn ìjọba tí ẹ kò ní rí nọ́ọ̀sì kan tàbí akọ̀wé kan tó wá láti Ìlọrin tàbí Òṣogbo. Ẹ yan ẹni tí yóò bá yín túmọ̀ dáadáa. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá kọ́ ló yẹ kó máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù ìyá rẹ̀ fún ọkùnrin àjèjì.

Mo jẹ bàbá kan ní gbèsè lórí ọ̀rọ̀ ìbéèrè àti ìdáhùn yìí. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, BP wọn kì í sì í kúrò ní 170/100. Lóṣooṣù ni mo ń bi wọ́n pé, "Bàbá, ṣé ẹ ń lo oògùn yín?" Lóṣooṣù ni wọ́n ń dá mi lóhùn pé, "Mò ń lò ó, dókítà, ẹ ṣeun." Mo fi oògùn kejì kún ti àkọ́kọ́, mo tún fi ẹ̀kẹta kún un. Ọmọ wọn obìnrin wá kí wọn láti Ìlọrin, ó rí páálí oògùn tó kún inú àpótí láìṣí, ó sì fi dandan lé e pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni bàbá òun yóò máa lò láràárọ̀ lójú òun. Ní ọjọ́ kẹrin, bàbá ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. BP wọn jẹ́ 80/50 nígbà tí wọ́n gbé wọn dé, ọjọ́ méjì ni wọ́n sì fi sùn lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo jókòó sí kí n tó bèèrè ohun tó yẹ kí n ti bèèrè láti ìbẹ̀rẹ̀: "Bàbá, báwo ni ẹ ṣe ń lò ó?" Wọ́n ní, "Bí orí bá ti fọ́ mi ni mo máa ń lo ọ̀kan. Orí kì í sì í fọ́ mi lójoojúmọ́." Wọn kò purọ́ fún mi rí. Orí fífọ́ ló gbé wọn wá ní ọjọ́ àkọ́kọ́, èmi kò sì ṣàlàyé fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà ro ènìyàn níbì kankan, pé oògùn rẹ̀ kì í dúró de orí fífọ́.

Nítorí náà, bí dókítà bá bi yín bóyá ẹ ń lo oògùn, ẹ má dá a lóhùn pẹ̀lú "bẹ́ẹ̀ ni" nìkan. Ẹ sọ iye tí ẹ lò ní àná, aago tí ẹ lò ó, àti ìgbà mélòó ni ẹ fi í sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá àti ohun tó fà á. Bí ó bá jẹ́ pé owó ló fà á, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀wọ̀ tí ẹ ní fún wa ló ń mú kí ẹ sọ pé gbogbo rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n irú ìdáhùn kúkúrú bẹ́ẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa bàbá yẹn.

Bí wọ́n bá ń wọn BP yín

Èyí kò gùn, ṣùgbọ́n ó ń bà jẹ́ lójoojúmọ́. Ẹ tọ̀ kí ẹ tó jókòó. Ẹ má mu kọfí tàbí sìgá ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó ṣáájú. Ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fi ẹ̀yìn ti àga, ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ láì gbé ọ̀kan lé èkejì, kí ẹ sì gbé apá lé orí tábìlì ní ọ̀gangan àyà. Orí apá gan-an ni kí wọ́n de ọ̀já náà mọ́, kì í ṣe orí bùbá tàbí kóòtù. Ẹ má sọ̀rọ̀ nígbà tó bá ń fún yín lápá. Nọ́ọ̀sì tó ń bi yín nípa àwọn ọmọ nígbà náà kò ní ẹ̀bi, ṣùgbọ́n ẹ rẹ́rìn-ín sí i kí ẹ dákẹ́. Bí ó bá tó 140/90 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ní kí wọ́n tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí ẹ sì padà wá ní ọjọ́ mìíràn kí ẹnikẹ́ni tó sọ yín di ẹlẹ́jẹ̀ ríru.

Kí ẹ tó dìde

Ìṣẹ́jú méjì tó kẹ́yìn jẹ́ tiyín. Ẹ bèèrè ohun tí dókítà rò pé ó ń ṣe yín, àti ohun mìíràn tó tún lè jẹ́. Ẹ bèèrè ohun tí àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan wà fún, àti ohun tí a ó ṣe yàtọ̀ bí èsì rẹ̀ bá dára tàbí bí kò bá dára. Bí kò bá sí ohun tí yóò yí padà, àyẹ̀wò náà lè dúró. Bí owó tó wà lọ́wọ́ kò bá tó gbogbo rẹ̀, ẹ bèèrè èyí tí ẹ ó kọ́kọ́ ṣe. Ẹ wo bí ẹ̀tọ́ ìbánigbófò ìlera yín ṣe rí pẹ̀lú, nítorí òfin àjọ ìbánigbófò ìlera ti ìjọba àpapọ̀ (NHIA) ti ọdún 2022 ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ará Nàìjíríà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ kò tíì ní i. Ẹni tó bá sì ní i tí wọ́n fẹ́ rán lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, kí ó má kúrò níbẹ̀ láì gba lẹ́tà náà àti kóòdù tí àwọn ìbánigbófò fi ń fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ tún ọ̀rọ̀ oògùn sọ fún dókítà bí ẹ ṣe gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n fi oògùn ibà tí gbogbo wa mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ, artemether-lumefantrine. Èyí tí àgbàlagbà ń lò, tí hóró rẹ̀ jẹ́ kékeré, jẹ́ hóró 24: mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, mẹ́rin lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ, lẹ́yìn ìyẹn mẹ́rin láàárọ̀ àti mẹ́rin lálẹ́ fún ọjọ́ méjì sí i, pẹ̀lú oúnjẹ tó ní òróró nínú. Nígbà tí mo bá ní kí ènìyàn tún un sọ, mẹ́rin láàárọ̀, mẹ́rin lálẹ́ ni wọ́n sábà máa ń sọ, wákàtí mẹ́jọ àkọ́kọ́ yẹn á ti bọ́. Bí ara bá ti yá ní ọjọ́ kejì, wọn a tọ́jú ìyókù pamọ́ de ibà tó ń bọ̀. Ẹ lò ó tán.

Sí ẹ̀yin ọ̀dọ́ dókítà tó bá ń ka èyí: kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé sí orí tábìlì wa dára, ó dára ju fáìlì tí eku ń jẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kí ojú yín lè wà lára aláìsàn. Mo ti rí ìyá kan tó ń sunkún láìpariwo nígbà tí dókítà ń tẹ bọ́tìnnì lọ.

Àwọn tí kò gbọ́dọ̀ dúró gba káàdì

Gbogbo ohun tí mo kọ yìí wà fún àìsàn tó lè dúró. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Bí ẹnu ẹnìkan bá ṣàdédé wọ́, tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò ṣiṣẹ́ mọ́, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere mọ́. Bí àyà bá ń fúnni mọ́ra tí òógùn sì ń bo ara. Bí èémí kò bá délẹ̀. Bí aboyún bá ń da ẹ̀jẹ̀, tàbí tí orí ń fọ́ ọ gidigidi tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tàbí tí gìrì mú un. Bí gìrì bá mú ọmọ. Èyíkéyìí tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ìwọ̀nyí, ẹ gbé ẹni náà lọ tààrà sí ẹ̀ka pàjáwìrì. Ẹ má fi ṣíbí sí ọmọ tí gìrì mú lẹ́nu, ẹ má sì da epo pupa sí i lẹ́nu; ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí ẹ sì máa gbé e bọ̀. Òfin ọdún 2014 kan náà kọ̀ fún ilé ìwòsàn èyíkéyìí láti lé ẹni tó wà nínú pàjáwìrì padà, ì báà ṣe tìjọba tàbí ti aládàáni. Bí wọ́n bá béèrè owó lẹ́nu géètì, ẹ dárúkọ òfin náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ rí dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ohun tó kù ni ọ̀rọ̀ bébà. Ẹ ra fáìlì kan ní ọjà Wuse tàbí ní ìsọ̀ ìwé tó wà ní àdúgbò yín, kí gbogbo èsì àyẹ̀wò, ìwé oògùn àti lẹ́tà máa wà nínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ léra wọn, kí ẹ sì ya fọ́tò wọn sínú fóònù. Bí èsì kan bá jáde lẹ́yìn tí ẹ ti kúrò, ẹ padà lọ gbà á, kí ẹ má ṣe gbà pé dídákẹ́ wa túmọ̀ sí pé ó dára. Fáìlì tó wà ní Gwagwalada kì í bá yín dé Kubwa. Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín nìkan ló ń dé.